Ọjọ́ Tí A Lọ Wádìí Ilé Àna ní Faransé

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló pàṣẹ pé a kò gbọdọ̀ sọ fún wọn pé à ń bọ̀.

Ọkọ mi ti ṣípò padà, kí Ọlọ́run forí jì í, kí ó sì fi í sí àlùjáńnà onídẹ̀ra. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, tí gbogbo wa ń pè ní Alhaji, ló dúró gẹ́gẹ́ bí bàbá fún ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo. Òun ni yóò fa ọmọ náà lé ọkọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ yìgì, òun náà ló sì lè sọ pé kò sí yìgì. Ọmọ mi mọ èyí dáadáa. Ó jókòó sórí àga nínú kíṣìnnì wa ní Peckham, ó ní, "Mọ́mì, pliisi, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Mi ò lè ṣe é tí inú Dádì Àgbà ò bá dùn sí i." Ó sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà ó jẹ ìrẹsì rẹ̀ tán, ó sì bu òmíràn.

Ọmọ Faransé ni ọkùnrin tó mú wá. Ilé búrẹ́dì kan tí kò jìnnà sí Rye Lane ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti gba ẹ̀sìn Islam ní mọ́sálásí wa kí ó tó mọ̀ rárá pé ọmọ mi wà láyé. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn ènìyàn máa ń rò pé nítorí obìnrin ni. Tí a bá dé ìrun àsùbáà, a ó bá a níbẹ̀, ìyẹ̀fun ṣì wà ní apá rẹ̀. Alhaji ti dán an wò títí. Ó ní kí ó ké Fátíhà, ó ké e. Ó ní kí ó ṣàlàyé àlùwàlá, ó ṣàlàyé rẹ̀ dé àárín ìka ẹsẹ̀. Ó gbé ẹ̀bà fún un pẹ̀lú ọbẹ̀ tó ta bí iná, ọmọ náà jẹ ẹ́, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà."

"Ọmọ yẹn dára," ni Alhaji wí fún mi lẹ́yìn náà. "Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Ta ni bàbá rẹ̀?"

"Wọ́n ní ó ti fẹ̀yìntì níbi iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, sà."

"Wọ́n ní. Ta ni wọ́n?"

"Ọmọ náà ni, sà."

"Ìyàwó," ni ó ní, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ti ń pè mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọ ilé wọn, "ṣé ẹni tó ń ta páńlá lèèyàn ń bi léèrè bóyá páńlá ti rà?"

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ní ilé wa ní Ìṣẹ́yìn, kí òbí tó fọwọ́ sí ìgbéyàwó, ẹnì kan ní láti lọ wádìí ilé. Kò gbọdọ̀ kéde ara rẹ̀. Á kàn yọ sí àdúgbò bí ẹni tó ń wá nǹkan mìíràn, á sì bi àwọn aládùúgbò léèrè: ṣé wọn kì í jà, ṣé wọn kì í jalè, ṣé kò sí wèrè, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀. Ìyá ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló wá wádìí mi. Ó wá sí agboolé wa bí ẹni tó fẹ́ ra adìyẹ. Èmi ni mo ta adìyẹ náà fún un, mo sì yọ èyí tó ń wúkọ́ fún un, nítorí n kò mọ̀ ọ́n. Títí tó fi kú ló ń fi ọ̀rọ̀ adìyẹ yẹn bú mi, ṣùgbọ́n ó ní òun wò ó pé ọmọ tó lè ta irú adìyẹ bẹ́ẹ̀, ebi ò lè pa ilé rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ìlú Faransé ni, sà," ni mo wí.

"Ṣé wọn ò ní aládùúgbò ní Faransé ni?"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá ọmọkùnrin náà ti fi bisikíìtì ránṣẹ́ sí wa rí, àdírẹ́sì ilé wọn sì wà lára páálí rẹ̀. Iṣẹ́ mi, ìyẹn oúnjẹ ṣíṣe ní ilé ìwé, wà ní ìsinmi lọ́sẹ̀ náà. Ààwẹ̀ Rámádáànì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé, Alhaji kò sì fẹ́ fi ẹnu ààwẹ̀ rìnrìn àjò. Nítorí náà ó mú ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ààwẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó wà lọ́jọ́ náà níbi tí à ń lọ. A kò sọ fún ọmọ mi. Mo ní mò ń lọ kí ẹnì kan, irọ́ kọ́ sì ni.

Alhaji ti fi bọ́ọ̀sì wíwà jẹun ní gúúsù London láti ìgbà èwe rẹ̀, kò sì sí ọ̀nà láti Bermondsey dé Brixton tí kò lè wà ní ìdijú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ti inú ọkọ̀ ojú omi jáde sórí ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún wa ọkọ̀, ó di ẹni tó ń wa ọkọ̀ bí ẹni pé òun nìkan ló wà lójú títì. Mò ń ka Áyátúl Kúrísíyyù. Ó ní kí n kà á sókè kí òun náà lè gbọ́.

Ọlọ́run kó wa yọ. A dé ìlú èbúté náà ní ọ̀sán. Ojú pópó dá páropáro, àwọn ilé ìtajà ti fi pákó dí gíláàsì wọn.

"Ogun ni?" ni Alhaji bi mí.

Kí n tó dáhùn, ẹnì kan yọ ní kọ̀rọ̀. Ọkùnrin ni, ó ga tó òpó iná. Ó wọ síkẹ́ẹ̀tì pupa tí kò dé orúnkún, ó dé wíìgì aláwọ̀ ewé, irun àyà rẹ̀ ń yọ lọ́rùn búláòsì. Ó gbé agboorùn kan dání tí igi rẹ̀ gùn ju ọ̀pá àjà lọ. Ó tẹríba fún wa bí olóyè, ó sì kọjá.

"Ìyàwó," ni Alhaji wí jẹ́jẹ́, "má wo ọwọ́ ọ̀tún."

Mo wo ọwọ́ òsì. Ó burú ju ọ̀tún lọ. Àwọn mẹ́ta ló ń bọ̀ níbẹ̀, aṣọ ìyàwó ni gbogbo wọn wọ̀, ọ̀kan nínú wọn lóyún, ó sì ní irùngbọ̀n.

Mo ti pẹ́ ní London, mo ti rí ìwọ́de oríṣiríṣi, ó sì yé mi kíákíá pé ọdún ni wọ́n ń ṣe. Ọdún tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ilẹ̀ náà fi ń jẹ àjẹyó kí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tó wọlé ni. Lọ́dún náà, ààwẹ̀ tiwọn àti tiwa jọ ṣe pẹ̀kí ni. Àwa ń sáré ṣe ìwádìí kí ààwẹ̀ tó dé, àwọn náà ń sáré ya wèrè kí ààwẹ̀ tó dé. Mo sọ fún Alhaji. Ó ronú díẹ̀.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Ọjọ́ ọdún lèèyàn ń mọ ilé. Àwọn ọmọlúwàbí á wà nílé wọn."

A kan ìlẹ̀kùn ilé náà. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ilé kékeré ni, bíríkì pupa, fèrèsé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo ṣe àkíyèsí fèrèsé náà fún ìwádìí. Bí a ṣe dúró síbẹ̀, ẹnì kan tún ti ìsàlẹ̀ òpópónà bọ̀. Àgbàlagbà ọkùnrin tó sanra ni. Ó wọ kóòtù onírun bíi ti ìyá olówó, ó fi ìbọ̀sẹ̀ obìnrin onídíámọ́ńdì sí ẹsẹ̀, ó gbé báàgì kékeré kọ́ apá. Òdòdó ló bo fìlà rẹ̀, ètè rẹ̀ pupa bí ata ṣọ̀mbọ̀, àtíkè sì kún ojú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ki orí rẹ̀ bọ àpò ìyẹ̀fun. Nígbà tó rí wa, ó dúró. Ó wo fìlà Alhaji. Ó wo ìborùn mi. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ní ìṣẹ́jú yẹn ni mo rí etí rẹ̀. Etí méjèèjì yọ síta lábẹ́ fìlà bí ọwọ́ ìkòkò, etí kan náà tí mo máa ń rí lára ọmọ oníbúrẹ́dì wa tó bá fẹ́ kí mi. Kò sí àní-àní, bàbá rẹ̀ nìyí.

"Ìyàwó, aládùúgbò ti dé," ni Alhaji wí. "Kí ni kí n pè é? Mà àbí sà?"

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró ná, ẹni yìí ni..."

"Dákẹ́, má jẹ́ kó fura."

Ó yí sí ọkùnrin náà, ó fi Gẹ̀ẹ́sì kí i, ó ní a ṣìnà ni. Ọkùnrin náà sọ pé ẹ káàbọ̀. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, nítorí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ohùn tó fi sọ ọ́ tín-ín-rín bíi ti ọmọ ológbò. Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé àṣà ọjọ́ náà ni. Ẹni tó bá ti kun ojú rẹ̀ lè pa ohùn dà, kí ó máa tọ́ ẹni tó bá mọ̀, kí ó máa sọ̀rọ̀ àṣírí fún un, títí ẹni náà á fi dá a mọ̀. Ó ti rí àwòrán wa lára fóònù ọmọ rẹ̀. Ó ṣẹ́jú sí mi. Mo wo ilẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ ọkùnrin tó ni ilé yìí?" ni Alhaji bi í.

"Mo mọ̀ ọ́n ju ìyàwó rẹ̀ lọ."

Alhaji wò mí, bí ẹni pé ó ní, o rí i bí a ti ń ṣe é? "Irú èèyàn wo ni?"

"Ó sanra. Ó máa ń hanrun. Ó máa ń rẹ́ni jẹ nídìí káàdì, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n ṣe, òun náà ló máa ń pàdánù."

"Tẹ́tẹ́?"

"Rárá o. Ẹ̀wà ni wọ́n fi ń ta á."

"Ṣé kì í jalè?"

"Ó yá àkàbà ẹni tó wà ní ìkejì rẹ̀. Ẹni náà ti kú, àkàbà náà ṣì wà níbí."

"Hẹ̀n-ẹ́n." Alhaji ń mi orí. "Ìjà ńkọ́? Ṣé ó máa ń lu ìyàwó?"

"Ìyàwó rẹ̀ ni?" Ohùn ológbò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já. "Ẹ̀yin ò tíì rí ìyàwó rẹ̀."

Mo fa apá kóòtù Alhaji. "Sà, mo fẹ́ sọ nǹkan kan."

"Ìwádìí ń lọ, Ìyàwó." Ó tún súnmọ́ ọkùnrin náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí dókítà. "Ẹ má bínú. Wèrè ńkọ́, nínú ìdílé wọn?"

"Wèrè wà," ni ọkùnrin náà wí, ó fi ọwọ́ tọ́ka káàkiri òpópónà, níbi tí nọ́ọ̀sì méjì onírùngbọ̀n ti ń lọ. "Gbogbo àdúgbò yìí ni. Ṣùgbọ́n ó máa ń lọ kí ó tó di Ọjọ́rú."

"Ó máa ń lọ?"

"Pátápátá."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ni Alhaji wí, ó sì rò ó dáadáa.

Mo ti ń kó ẹ̀rín mọ́nú débi pé inú ń ro mí. Ìgbà yẹn ni Alhaji wá béèrè èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an.

"Ọmọ rẹ̀ kan wà ní London. Ó ti di Mùsùlùmí. Kí ni bàbá rẹ̀ wí sí i?"

Ọkùnrin náà tún fìlà rẹ̀ ṣe. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn náà ṣì tín-ín-rín, ṣùgbọ́n eré ti tán nínú rẹ̀.

"Bàbá rẹ̀ hùwà òmùgọ̀. Odindi ọdún kan ni kò fi bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ọmọ á pe fóònù, bàbá á gbé e fún ìyá. Ó rò pé ọmọ náà ti kọ òun sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ọmọ wá sílé fún ìsinmi, bàbá rí i tó ń fọ àwo, tó ń bá ìyá rẹ̀ gbé ẹrù, tó ń rọra sọ̀rọ̀. Ṣáájú, kì í ṣe gbogbo èyí. Ni ojú bá ti bàbá."

"Nísinsin yìí ńkọ́?"

"Nísinsin yìí ẹ̀rù ń bà á. Ó gbọ́ pé ọmọ fẹ́ fẹ́ ọmọ àwọn èèyàn iyì. Ó ní bóyá wọn á wo òun, wọn á sọ pé rárá."

N kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo wo ìbọ̀sẹ̀ onídíámọ́ńdì náà, mo sì ṣàdúà nínú mi pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí bàtà ọkùnrin yìí yọ̀.

N kò lè sọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e, nítorí fèrè àti ìlù bẹ́ sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ òpópónà. Èrò tó ń bọ̀ pọ̀ bí omi. Gbogbo wọn so apá kọ́ ara wọn ní ìlà-ìlà, agboorùn ń jó lókè orí wọn. "Ẹ di apá mi mú, kí wọ́n má gbé yín lọ!" ni ọkùnrin náà wí. Ó fi apá kan kọ́ Alhaji, ó ní kí n rìn lẹ́yìn wọn. Báyìí ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí kì í bá obìnrin bọwọ́, ṣe so apá kọ́ onílípísítíìkì wọ inú ìwọ́de. Mo bi í lẹ́yìn náà ìdí tó fi gbà. Ó ní ọkùnrin ni, kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ó léèwọ̀.

Wọ́n gbé wa dé iwájú gbọ̀ngàn ìlú. Èrò dúró gbáàgbá, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń kígbe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

"Kí ni wọ́n ń tọrọ?" ni Alhaji bi aládùúgbò wa.

"Ẹja."

"Ẹja?"

"Àwọn apẹja wa láyé àtijọ́ máa ń lọ sí òkun òtútù fún oṣù púpọ̀. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n á jẹ, wọ́n á jó, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló máa ń padà. Ìrántí wọn ni ọdún yìí."

Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ ni olórí ìlú yọ lókè pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹja sílẹ̀. Ẹja ṣàwá ni, tí wọ́n ti fi èéfín yan, wọ́n fi ọ̀rá wé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́: ẹja ń rọ̀ láti òkè bí òjò. Èmi tí mo máa ń dúró níwájú tábìlì ẹlẹ́ja ní Rye Lane, tí mo máa ń yẹ ojú ẹja wò, tí mo máa ń ná an títí ọmọ tó ń tà á fi máa ń pè mí ní "Aunty, ẹ ṣàánú mi", ẹja ọ̀fẹ́ ń fò kọjá níwájú mi. N kò mọ ìgbà tí mo tú ìborùn èjìká mi. Mo nà án sílẹ̀ bí àwọ̀n. Ìyá kan tó múra bí ajá nawọ́ gba èyí tó yẹ kó jẹ́ tèmi. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ tì í sẹ́yìn.

"Ìyàwó!" ni Alhaji kígbe. "Fi sílẹ̀! Ṣé ebi ń pa wá ni?"

Ẹja kan fò wá, ó gbá a láyà. Ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ dìde fúnra wọn, wọ́n mú un. "Bísímílà," ni ó wí. Ó wo ẹja náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó fi í sínú àpò kóòtù. "Ẹja kò nílò dídú," ni ó wí, bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ilé ẹjọ́.

Àárín ariwo yẹn ni fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun. Ohùn ládàánì náà dún kedere láti àyà rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja. Ó ń wá a nínú àpò, kò rí i, ọwọ́ rẹ̀ ń kan ṣàwá. Ojú tì í, ó ń wò yí ká. Aládùúgbò wa fetí sílẹ̀.

"Aláásàrì," ni ó wí.

Alhaji dúró. "Níbo ni ẹ ti mọ̀ ọ́n?"

"Ọmọ mi ni ó máa ń..."

Ó ti sọ ọ́ ní ohùn ara rẹ̀, ohùn ńlá bíi ti ọkọ̀ ojú omi.

"Ọmọ ta?" ni Alhaji bi í.

Ọkùnrin náà ṣí fìlà olódòdó rẹ̀. Etí méjèèjì yọ síta pátápátá. Alhaji wo etí náà. Ó yí ojú sí mi, mo sì wo òkè bí ẹni tó ń retí ẹja.

"O mọ̀," ni ó wí fún mi ní Yorùbá.

"Mo fẹ́ sọ fún yín nígbà náà, sà. Ẹ ní ìwádìí ń lọ."

Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo mọ Alhaji. Bó bá ń bínú, á sọ̀rọ̀. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó ti bi bàbá kan lójú ara rẹ̀ bóyá olè ni, bóyá wèrè ni. Tí ojú bá ti àgbàlagbà tó bẹ́ẹ̀, ó lè kọ ọmọ nítorí ìtìjú nìkan. Mo rí ojú ọmọ mi nínú kíṣìnnì. Ẹja inú ìborùn mi wúwo lọ́wọ́ mi.

"Àkókò ń lọ," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ wá kírun nílé."

Ìyàwó rẹ̀ ti wà nílé nígbà tí a padà, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, ó ń se ọbẹ̀ àlùbọ́sà. Ó múra bí apẹja, ó wọ bàtà rọ́bà, ó sì fi dúdú ya mùsítáàṣì sójú. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ sọ ẹni tí a jẹ́, ó sunkún, mùsítáàṣì náà ṣàn wá sí àgbọ̀n rẹ̀. Ó fi ilé ìwẹ̀ hàn wá fún àlùwàlá. Ó mú wa wọ yàrá ọmọ rẹ̀. Ní ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, wọ́n fi ẹfun ya ọfà kékeré kan sí ara ògiri. Ó ní ọkọ òun ló yà á, kí ọmọ má bàa máa wá Gábàsì kiri bó bá wá sílé.

Alhaji wo ọfà náà. Ó gbé kọ́ńpáàsì fóònù rẹ̀ jáde, ó fi wọ̀n ọ́n, ó sì dá a padà sápò. Ó wọlé ìrun, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ ọdún náà, àwọn ọ̀rẹ́ máa ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn láti jẹun, wọn kì í kan ìlẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ wọn ń wọlé, tí fèrè ń dún, tí ọkùnrin onílé sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ìlẹ̀kùn wa ní Faransé. N kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n "ṣṣṣ" kò ní èdè. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Nígbà tí a sálámà, tí Alhaji ṣí ìlẹ̀kùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún fọ́fọ́. Àwọn ọkùnrin oníwíìgì, àwọn aláṣọ ìyàwó, aboyún onírùngbọ̀n, ìyá aláṣọ ajá tó jà mí lólè ẹja, gbogbo wọn tò síbẹ̀ pẹ̀lú àwo ọbẹ̀ lọ́wọ́, wọn kò jẹ ẹ́, wọ́n dúró jẹ́jẹ́ bí ọmọ ilé kéwú tí ààfáà ń bọ̀. Bàbá ọmọ náà dúró níwájú wọn, ó na agboorùn sí ẹnu ọ̀nà bí ọlọ́pàá.

Alhaji wò wọ́n. Mo rí i tí irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni. Ó bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tó fi di ògiri mú, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì bá a rín in.

Nígbà tí ara rọlẹ̀, ó jókòó ti ọkùnrin náà nínú kíṣìnnì. Ìyá ilé ní omi àti bọ́tà nìkan lòun fi ń se ọbẹ̀ náà, láìsí wáìnì tí wọ́n máa ń dà sí i, láti ìgbà tí ọmọ òun ti yí ẹ̀sìn padà. A jẹ ẹ́ pẹ̀lú ṣàwá mi.

"Ọ̀rọ̀ ọdún kan yẹn," ni Alhaji wí, "òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Kí ló dé tí ẹ fi sọ ọ́ fún àlejò?"

"Ẹ bi mí ni." Ó nu àtíkè ojú rẹ̀. "Àti pé, tí n kò bá kun ojú, n kò lè sọ ọ́. Aṣọ yìí ló gbà mí láyè."

Alhaji mi orí. Ó ní, "Ìwádìí ti parí." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ rárá. Nígbà tí a ń lọ, ọkùnrin náà dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ẹnu kò ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó fi ẹnu kò ó ní ti òsì, gẹ́gẹ́ bí ìkíni wọn. Ètè pupa méjì jókòó sí ojú Alhaji bí òǹtẹ̀. Ìyàwó ilé ni mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ọwọ́ kan ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tàbí kí n sọ ọ́? Mo wọ mọ́tò, mo dákẹ́.

Níbi tí a ti tò láti wọ ọkọ̀ ojú omi, fóònù dún. Àbúrò bàbá Alhaji tó jẹ́ obìnrin ni, láti Ìṣẹ́yìn. Òun nìkan ló kù nínú àwọn àgbà ilé, òun ló sì ń retí àbọ̀ ìwádìí. Fóònù tó ń fi ojú hàn ni. Alhaji gbé e sókè, ó kí i, ojú rẹ̀ sì kún inú rẹ̀.

"Ṣé ẹ dé ilé náà?"

"A dé ibẹ̀, Mà."

"Báwo ni bàbá ọmọ náà ṣe rí? Ṣé ẹni tó mọ aṣọ wọ̀ ni?"

Alhaji kì í purọ́. Ó ronú. "N kò rí ọkùnrin tó múra bíi tirẹ̀ rí, Mà."

"Máṣáálà. Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Obìnrin gidi ni. Ó ní mùsítáàṣì."

"Ó ní kí ni? Dúró ná, kí ló pa ọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́?"

Alhaji fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó wo ọwọ́ náà. Ó wò mí. Mo wo òkun.

"Àna wa ló fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́, Mà."

"Ìyá ọmọ?"

"Rárá, Mà. Bàbá ni."

Ìyá náà súnmọ́ fóònù ní Ìṣẹ́yìn. "Ọmọ mi, ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, etí mi náà sì ti ń di. Sọ èyí tí mo lè gbọ́. Ṣé èèyàn rere ni wọ́n?"

"Èèyàn rere ni wọ́n, Mà."

"Ṣé kí a fọmọ fún wọn?"

"Ẹ jẹ́ kí a fún wọn."

Mo ti tẹ nọ́ńbà ọmọ mi kí Alhaji tó pa fóònù tirẹ̀. "Mọ́mì, níbo lẹ wà látàárọ̀?" ni ó ń kígbe. Mo ní Faransé ni, mo ní Dádì Àgbà ti gbà. Igbe tó ké gba inú mọ́tò náà kan, àwọn tó wà níwájú wa bojú wẹ̀yìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ń dáhùn àdúà ní ibi tí a kò rò. Alhaji ti tú tíṣù jáde, ó ń nu ojú rẹ̀ nínú díńgí mọ́tò, bó ti ń nù ún ni pupa náà ń ràn, ó ti dé irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì ti kan imú. Báyìí ni a ṣe na ìwé ìrìnnà wa sí òṣìṣẹ́ ẹnubodè, tó wo àwòrán, tó wo Alhaji, tó sì ní kí a máa lọ.